Àwọn Tí Ń Ṣọ́ Ẹnu Ọ̀nà Ìwé Ìròyìn Láyé Àtijọ́

Ní ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa tí ó kọjá ni bàbá kan dìde tí ó bi wá léèrè ohun tí ó fà á tí lẹ́tà ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò fi jáde nínú ìwé yìí. Lẹ́tà náà fẹ́ mọ bí a ti ná owó tí a dá fún gbọ̀ngàn ìlú. Àwa olóòtú ni a fi í pamọ́. A ní kí ìwé ìlú má baà di ojú ìjà. Bàbá náà kò pariwo. Ohun tí ó wí kò ju pé lọ́dọ̀ ọmọ òun lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ wa a máa wí fún ara wọn pé ìyìn nìkan ni ìwé yìí mọ̀ ọ́n tẹ̀, nítorí náà wọn kò kà á mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, nítorí òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Òun ni ó mú wa padà sínú ìtàn, láti wo ohun tí ó bá àwọn tí wọ́n ti jókòó sórí irú àga yìí ṣáájú wa, àwọn tí ó wà lọ́wọ́ wọn láti wí pé: èyí yóò wọlé, èyí yóò dúró síta.

Abẹ́òkúta ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1859 ni Henry Townsend, òyìnbó oníwàásù ti C.M.S., bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Ọgọ́fà owó ẹyọ ni a ń tà á, èdè wa ni a sì fi kọ ọ́. Ní 1860 ni a fi Gẹ̀ẹ́sì kún un. Ẹni tí ó kọ́ ìwé kíkà nílé ẹ̀kọ́ ìjọ lè ka ìròyìn ìjọ àti ti òwò nínú rẹ̀. Ohun ńlá ni èyí jẹ́, a kò sì gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹnìkan ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Nígbà tí aáwọ̀ wọ àárín ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti ìjọba Èkó, Townsend fi ìwé náà sọ èrò tirẹ̀, inú àwọn aláṣẹ Èkó kò sì dùn sí i. Ní 1867 ni rògbòdìyàn tí a ń pè ní Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀, tí a lé àwọn òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta, ilé ìtẹ̀wé náà sì bá a lọ. Ìjà ọjọ́ náà kì í ṣe ìjà ìwé. Ṣùgbọ́n ní èrò tiwa, bí ó bá jẹ́ pé ohùn àwọn ará ìlú pọ̀ nínú rẹ̀ ju ohùn olóòtú lọ, bóyá àwọn kan ì bá nà gọ́ńgọ́ láti dáàbò bò ó.

Lẹ́yìn èyí, Èkó ni ìwé ìròyìn pọ̀ sí, Gẹ̀ẹ́sì sì ni púpọ̀ nínú wọn ń sọ. Ìjọba pẹ̀lú fẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ní 1903, a ṣe òfin ní Èkó pé ẹni tí yóò tẹ ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ ní ìdúró £250. Owó ńlá ni nígbà náà. Òfin náà kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Ó kàn rí i dájú pé tálákà kò lè ní ibi tí yóò ti sọ ọ́.

Síbẹ̀, láàrin 1922 sí 1928, àwọn ìwé ìròyìn tí ó gbájú mọ́ èdè Yorùbá tẹ̀lé ara wọn jáde: Èkó Akéte ti Adéoyè Dẹ́nígà ní 1922, Elétí Ọfẹ ti E. A. Akíntán ní 1923, Yoruba News ti D. A. Ọbasá ní Ìbàdàn ní 1924, àti Akéde Èkó ti I. B. Thomas ní 1928. Nínú wọn ni ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti rí àyè kọ lẹ́tà sí gbangba. Ọ̀pọ̀ kì í fi orúkọ ara wọn sí i, ìnagijẹ ni wọ́n ń lò. Àǹfààní wà nínú èyí fún ẹni tí ó ń bẹ̀rù ọ̀gá rẹ̀. Ewu sì wà níbẹ̀ fún ẹni tí a ń bú, nítorí kò mọ ẹni tí yóò dá lóhùn. Olóòtú nìkan ni ó mọ̀ wọ́n, òun sì ni ẹjọ́ yóò dé bá.

Ní ọdún 1928 kan náà tí Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ ni ẹjọ́ dé bá Herbert Macaulay. Èṣùgbàyí Elékò wà nígbèkùn nígbà náà. Ìjọba ti rọ̀ ọ́ lóyè ní 1925. Lagos Daily News, ìwé Macaulay, tẹ àhesọ kan jáde pé àwọn kan ń gbìmọ̀ láti pa á. Kóòtù sọ Macaulay sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Àwọn tirẹ̀ kò torí èyí fi í sílẹ̀, wọ́n tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti ń wá ọ̀nà láti pa ẹnu rẹ̀ mọ́ rí ọ̀nà, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì fi í hàn wọ́n. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Èyí tí ó wù wá jù láti rò ni ti Thomas. Olùkọ́ ni òun náà rí, gẹ́gẹ́ bí àwa. Láti oṣù Júláì 1929 títí wọ 1930, lẹ́tà obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ń jáde nínú Akéde Èkó. Obìnrin náà ní òun ti lẹ́wà tẹ́lẹ̀, pé òun ti fi ẹwà náà ṣe aṣẹ́wó káàkiri Èkó, pé nísinsìnyí òun ti di arúgbó aláìsàn tí kò ní alábàárò, òun sì ń kábàámọ̀. Ẹ rò ó wò. Ní ìlú tí ìjọ àti mọ́sálásí kún, tí olúkúlùkù ń ṣọ́ orúkọ ilé bàbá rẹ̀, olóòtú kan fi àyè ìwé rẹ̀ fún ẹni tí a kì í jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ nínú ilé. Kò ṣí ilẹ̀kùn náà gbayawu: ẹ̀kọ́ ìwà, ẹsẹ Bíbélì àti orin àwọn ará Èkó ni ó yí ìtàn náà ká, a kò sì fi orúkọ gidi ẹnikẹ́ni ṣeré níbẹ̀. Àwọn òǹkàwé bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé sí olóòtú nípa rẹ̀. Àwọn tí wọ́n gbà á gbọ́ pé ó wà láàyè kò kéré. Ní 1930, Thomas kó àwọn lẹ́tà náà jọ sínú ìwé kan, èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè wa, ọdún mẹ́jọ ṣáájú ti Fágúnwà.

Thomas fúnra rẹ̀ ni ó kọ wọ́n. Àwa tí a ń kọ́ ọmọdé ní òtítọ́ kò lè gbóríyìn fún ẹ̀tàn náà. Ṣùgbọ́n a kò lè sẹ́ pé ìlú rí ohun kan nínú ìwé náà tí wọn kò rí níbòmíràn: a lè sọ̀rọ̀ ìtìjú níbẹ̀ láìsọ ọ́ di èébú. Orúkọ Akéde Èkó kò bàjẹ́ nítorí obìnrin burúkú tí ó gbà wọlé. Òun ni a fi ń rántí rẹ̀ títí di òní.

Nígbà tí a padà lọ ka lẹ́tà tí a fi pamọ́, a rí i pé ìbéèrè mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ẹ̀sùn kan ṣoṣo. Ẹ̀sùn náà pe ẹnìkan ní olè, kò sì mú ẹ̀rí kankan wá. A kọ̀wé sí ọmọkùnrin náà, ó sì gbà pé kí a yọ ọ́. Akápò kọ́kọ́ bínú sí wa, lẹ́yìn náà ó gbé ìwé owó rẹ̀ wá. Lẹ́tà náà wà ní ojú ewé tí ó tẹ̀lé èyí, ìdáhùn akápò sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Níbi tí a ti yọ gbólóhùn kan, a fi ìlà sí i, kí gbogbo ẹni tí ó bá kà á lè mọ̀ pé àwa ni a yọ ọ́.