Lẹ́tà Àyẹ̀wò Ọyàn

Ní Peckham níbí, lẹ́tà tó ní kí n padà wá fún àyẹ̀wò ọyàn kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Bí mo ṣe ń dúró de èsì, ìtàn àyẹ̀wò yìí ni mo ń kà. Ní 1913, Albert Salomon, oníṣẹ́-abẹ ní Berlin, tẹ èsì X-ray tó yà fún nǹkan bí 3,000 ọyàn jáde. Ọyàn tí wọ́n ti gé kúrò lára obìnrin o! Ní 1988 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn obìnrin tára wọn le wá fún àyẹ̀wò ọyàn. Nínú 100 tí wọ́n bá yẹ̀ wò, bíi 4 ni wọ́n ń pè padà. Bí ẹnì kan nínú mẹ́rin náà ni wọ́n ń rí jẹjẹrẹ lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n máa gbàdúrà. Mò ń gbà á, mo sì ń ṣírò. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí lẹ́tà tiyín bá dé, ẹ má fi pamọ́, ẹ lọ.