Ogun Tí Àwọn Ọmọ Ń Béèrè

Ní Phibsborough níbí, àwọn ọmọ ń gbọ́ nípa bọ́ǹbù tí àwọn Jámánì jù sí North Strand, tí kò jìnnà sí wa, lóru ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 1941. Ènìyàn 28 ló kú, bẹ́ẹ̀ Áyálándì kò sí nínú ogun náà. Ọmọ kan bi bàbá rẹ̀ bóyá àwọn ènìyàn tiwa náà jà. Bàbá ní ogun òyìnbó ni.

A kò lè dá a lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ wa ni ìbá dáhùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn ni bàbá yìí ti dàgbà, níbi tí bárékè Letmauk wà. Letmauk kì í ṣe orúkọ Yorùbá, kì í sì í ṣe ti òyìnbó. Ìlú kan ni ní Bọ́mà, tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí, níbi tí àwọn sójà wa ti bá Jàpánù jà ní 1945. Orúkọ Dodan ti Ìkòyí náà, Bọ́mà ló ti wá.

Ẹ fi Bàbá Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, bẹ̀rẹ̀ fún wọn. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ sójà ní 1942. Lóṣù Kẹta 1944, àwọn Jàpánù yìnbọn lù wọ́n létí odò Kaladan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, kò lè rìn. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan níbẹ̀, Shuyiman, fi òun àti David Kargbo, ará Sàró, pamọ́, ó ń bọ́ wọn títí di oṣù Kejìlá. Bí àṣírí bá tú, ikú ni fún òun náà. Bàbá padà sílé, ó kọ ìtàn náà sílẹ̀. Ní 2011, oníròyìn Barnaby Phillips mú lẹ́tà rẹ̀ lọ fún ìdílé Shuyiman ní Bọ́mà. Ọdún kejì ni Bàábá kú.

Bí ọmọ bá béèrè ìdí tí wọ́n fi jà fún ọba tó ń jọba lé wọn lórí, ẹ má ṣe yẹ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Owó oṣù ni àwọn kan wá, àwọn mìíràn kò rí ibi sá sí.

Aláǹtakùn dúdú ni àmì ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81. Ẹni tó bá ní fọ́tò bàbá àgbà tó wọ aṣọ bẹ́ẹ̀, kó jọ̀wọ́ mú un wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀, kí àwọn ọmọ rí i.