Omi Inú Àmù: Ìtàn Ọgbọ́n Tó Mú Ojú Òpó Ayélujára Yá

Nígbà tí àwọn ìyá wa àgbà wà ní ọ̀dọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń pọn omi lódò. Wọn kì í pọn ìwọ̀nba tí ẹnì kan máa mu lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á pọn ọ́n títí àmù á fi kún. Ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ lọ́sàn-án kò ní gbé kèrègbè lọ sódò mọ́. Yóò fi igbá bu omi nínú àmù, yóò mu, yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ìtàn tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí, ìtàn àmù ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà ló ti ṣẹlẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní cache ni mo ń sọ, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ti wá rí lẹ́ẹ̀kan pamọ́ sí nítòsí, kó má baà tún rin ọ̀nà jíjìn nítorí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀rọ tó lágbára nìkan ló mú ayélujára yá. Èrò tèmi ni pé ọgbọ́n ìpamọ́ ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé ẹni tó jìnnà àti ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ni ọgbọ́n náà ṣe lóore jù.

Ìṣòro náà ti wà ṣáájú ayélujára. Apá tó ń ṣe ìṣirò nínú kọ̀ǹpútà yára gan-an, ṣùgbọ́n ibi ìrántí tó ti ń mú iṣẹ́ kò yára tó o. Ẹni tó ń sáré wá ń dúró de ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1965, Maurice Wilkes, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kékeré kan jáde. Ó dábàá pé kí wọ́n fi ibi ìrántí kékeré tó yára sí àárín àwọn méjèèjì. Ohun tí kọ̀ǹpútà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lò, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kó tún nílò rẹ̀ láìpẹ́.

Ní ọdún 1968, ilé-iṣẹ́ IBM ti Amẹ́ríkà kéde System/360 Model 85, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ fún títà tí ọgbọ́n yìí wà nínú rẹ̀. Ibi ìrántí ńlá rẹ̀ lè gba nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin báìtì, ṣùgbọ́n àmù kékeré inú rẹ̀ kò ju bíi 16,000 sí 32,000 báìtì lọ. Síbẹ̀, èyí tó kéré yìí ló ń mú kí èyí tó tóbi dà bí ohun tó yára. Orúkọ gígùn kan ni àwọn tó ṣe é fún un. Lyle Johnson, olóòtú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ilé-iṣẹ́ náà, ló dábàá pé kí wọ́n pè é ní cache, ọ̀rọ̀ tó wá láti inú èdè Faransé, tó jẹ mọ́ fífi nǹkan pamọ́. Orúkọ náà ló dúró títí dòní.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí orí ayélujára fúnra rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1989, Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì nítòsí ìlú Geneva, kọ àbá lórí bí àwọn onímọ̀ ṣe lè máa ka iṣẹ́ ara wọn láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn. Orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ní CERN ni ojú òpó àkọ́kọ́ láyé wà. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn lára, wọ́n sì fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sí i pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á. Ẹ wo ohun tí ìwé kékeré yẹn ń sọ fún wa. Odò kan ṣoṣo ló wà. Bí ó bá gbẹ, kò sí omi mọ́.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1993, CERN yọ̀ǹda ìmọ̀ náà fún gbogbo ayé láìgba kọ́bọ̀. Èrò pọ̀ lójijì. Ní ọdún 1994, níbi àpérò àgbáyé àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Geneva, Ari Luotonen àti Kevin Altis ṣàlàyé kọ̀ǹpútà alárinà kan tó lè dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́. Bí ẹnì kan nínú ọgbà bá béèrè ojú ìwé kan, alárinà á lọ gbé e wá, á sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. Nígbà tí ẹnì kejì bá béèrè ohun kan náà, ẹ̀dà yẹn ni yóò gbé fún un. Àmù ti dé sí àgbàlá nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí ni àwọn tí kò ní alárinà yóò ṣe? Ní Yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìṣirò kan, Tom Leighton, àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Danny Lewin, ronú lórí ìyẹn. Wọ́n wá ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé fi lè pín ẹ̀dà ojú ìwé mọ́ra wọn lọ́wọ́, kí oníkálukú lè gba tirẹ̀ láti ibi tó súnmọ́ ọn jù. Ní ọdún 1998, wọ́n fi dá ilé-iṣẹ́ Akamai sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Hawaii ni orúkọ náà, ọlọ́gbọ́n ló túmọ̀ sí. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, Lewin wà nínú ọ̀kan lára àwọn bàálù tí àwọn apániláyà jí gbé ní Amẹ́ríkà, ó sì kú níbẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an, gbogbo ayé ya bo àwọn ojú òpó ìròyìn láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ tí Lewin ṣe sì wà lára ohun tó ran wọ́n lọ́wọ́ láti gba èrò yẹn. Kò sí ibòmíràn nínú ìtàn yìí tó dùn mí tó èyí.

Kí ló kan àwa ará Nàìjíríà nínú èyí? Ọ̀nà ló kàn wá. Láti Èkó dé Lọ́ńdọ́nù jẹ́ nǹkan bíi 5,000 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé ọ̀rọ̀ wa nínú okùn abẹ́ òkun ń sáré tó nǹkan bíi 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, bó ti wù kí okùn náà dára tó, àlọ àti àbọ̀ kò lè dín ní ìdá 50 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ojú ìwé kan lè lọ kó sì bọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kí àwòrán àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó pé. Ní ọdún 2010, MainOne, ilé-iṣẹ́ tí Funke Opeke, obìnrin tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, dá sílẹ̀, fa okùn láti Pọ́túgàlì wá sí Èkó. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n okùn máa ń fẹ ọ̀nà lójú ni. Kò lè sọ Lọ́ńdọ́nù di Ìkẹjà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bíi Google fi gbé àmù tiwọn wá sí Èkó.

Àwọn kéékèèké náà rí tiwọn gbà. Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 2003, Matt Mullenweg ti Amẹ́ríkà àti Mike Little ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé WordPress jáde, ohun èlò tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣe ojú òpó lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ ọdún 19 ni Matt nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n wa ni, kì í ṣe bàbá wa. Àbùkù kan wà níbẹ̀. Nígbàkígbà tí ẹnì kan bá ṣí ojú ìwé, WordPress á lọ kó àkọlé àti ọ̀rọ̀ jọ láti inú àká ìsọfúnni, á tò wọ́n pọ̀, á gbé e fún onítọ̀hún, á sì gbàgbé. Ó dà bí olóúnjẹ tó ń lọ ata tó sì ń dáná lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Bí èrò bá pọ̀, iná á kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí wá ṣe àfikún kékeré tí à ń pè ní plugin. Ricardo Galli ti ilẹ̀ Spain ṣe WP-Cache. Ní ọdún 2007, Donncha Ó Caoimh ti ilẹ̀ Ireland gbé WP Super Cache lé e lórí, Frederick Townes sì ṣe W3 Total Cache ní ọdún 2009. Lẹ́yìn tí ẹni àkọ́kọ́ bá ti ṣí ojú ìwé, plugin náà á fi èyí tó ti jinná pamọ́, òun náà ni yóò máa bù fún àwọn tó bá tẹ̀ lé e. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbé e fún aráyé.

Mo rí iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ń lọ. Ní ọjọ́ tí wọ́n gbé orúkọ àwọn ọmọ tó wọlé sí JSS1 jáde, ojú òpó wa kò ṣí. Àwọn òbí gun ọ̀kadà wá sí ẹnu géètì. Ìyá aláta kan nítòsí ọgbà wa ra dátà lẹ́ẹ̀mejì kó tó rí orúkọ ọmọ rẹ̀. Ní sáà kejì, olùkọ́ tó ń darí ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà fi plugin cache sí i níṣojú wa. Kò gbà tó wákàtí kan, kò sì ra ẹ̀rọ tuntun kankan. Nígbà tí èrò tún ya dé, ojú ìwé náà ń ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n omi tó bá pẹ́ jù nínú àmù, ìdin á wọ̀ ọ́. Ní sáà yẹn kan náà, wọ́n yí ọjọ́ ìdánwò ìṣirò padà, ọjọ́ àtijọ́ sì ń jáde síbẹ̀ fún àwọn kan. Àwọn ọmọ mélòó kan dé lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́, ó sì di dandan kí olùkọ́ wa da gbogbo ohun tó wà nípamọ́ nù kí tuntun tó jáde. Àwọn àgbà onímọ̀ mọ ewu yìí. Òfin HTTP/1.1 ti oṣù kìíní ọdún 1997 ti fún oníwèé láyè láti kọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ̀dà rẹ̀ fi lè wà nípamọ́. Wọ́n sì máa ń tọ́ka sí Phil Karlton, tó ṣiṣẹ́ ní Netscape, pé nǹkan méjì péré ló le nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà: mímọ ìgbà tó yẹ kí a da ohun ìpamọ́ nù, àti sísọ nǹkan lórúkọ. Àwọn baba wa ti sọ tiwọn: bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Ewu kejì ni pé ohun tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, bí èsì ìdánwò rẹ̀ tàbí owó rẹ̀ ní báńkì, kò yẹ kó wọ inú àmù tí gbogbo ayé ń bù mu.

Ní ìparí, ohun tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí kò pọ̀. Láti ọ̀dọ̀ Wilkes dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe plugin, kò sí èyí tó sọ pé kí ìmọ́lẹ̀ sáré ju bó ti ń sáré lọ. Wọ́n kàn kọ̀ láti ṣe iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì gbé ohun tí ènìyàn nílò súnmọ́ ọn. Mo rọ ilé ẹ̀kọ́ gbogbo tó ní ojú òpó pé kí wọ́n lo ọgbọ́n yìí, kí wọ́n sì yan ẹnì kan tí yóò máa yẹ ohun ìpamọ́ wò nígbàkígbà tí ìkéde bá yí padà. Òbí tó ń ra dátà ọgọ́rùn-ún náírà náà yẹ ní ẹni tí ojú ìwé ń yára ṣí fún.