Àwọn orúkọ tẹ́ ẹ ń há sórí fún A-level Psychology: ibo ni wọ́n ti wá?

1/
Ẹ̀yin tó ń múra sílẹ̀ fún A-level Psychology, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo mọ bó ṣe ń rí. Ebbinghaus, Bartlett, Bowlby, Ainsworth, Van IJzendoorn... Orúkọ rẹpẹtẹ, ọdún rẹpẹtẹ. Tó bá fi máa di aago méjìlá òru, gbogbo ẹ̀ á ti di àdàlú lórí èèyàn.

2/
Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ lónìí: ìtàn làwọn orúkọ yẹn. Ẹnì kan wà níbì kan, ó rí nǹkan kan, ó dán an wò lára àwọn kan, ó sì fo àwọn kan dá. Ẹni tó bá mọ ìtàn yẹn ò ní tètè gbàgbé. Á sì tún rí nǹkan sọ níbi tí máàkì pọ̀ sí. Ẹ fìdí kalẹ̀.

3/
Ká kọ́kọ́ mọ irú ìdánwò tó wà níwájú wa. Ní England, láti 2015 ni wọ́n ti yí ètò A-level padà. Tẹ́lẹ̀, ọmọ lè ṣe díẹ̀ nínú ìdánwò lọ́dún kìíní, kó ṣe ìyókù lọ́dún kejì, wọ́n á sì ro máàkì ẹ̀ pọ̀. Ní báyìí, gbogbo ẹ̀ ti di ìparí ọdún kejì. Psychology wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bọ́ sínú ètò tuntun yìí, 2017 ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe ìdánwò ẹ̀.

4/
Tó bá jẹ́ ti AQA lẹ̀ ń ṣe, ìwé ìdánwò mẹ́ta ni. Wákàtí méjì lọ́kọ̀ọ̀kan, máàkì 96 lọ́kọ̀ọ̀kan, 288 lápapọ̀. Nǹkan tí wọ́n kọ́ yín ní September ọdún kìíní, ó di nǹkan bí oṣù 20 sí i kí wọ́n tó bi yín. Oṣù 20! Ìgbàgbé gan-an wá ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ kí ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n.

5/
Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì. Kò ní yàrá ìwádìí, kò sì ní àwọn tó máa dán nǹkan wò lára wọn. Kí ló ṣe? Ara ẹ̀ ló dán an wò. Ó to ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ kankan jọ, nǹkan bí 2,300, ó ń há wọn sórí, ó ń dúró, ó tún ń kọ́ wọn padà láti mọ èyí tó ṣẹ́ kù lórí ẹ̀. Ọdún bíi mélòó kan ló fi ṣe é. Ẹ rò ó wò ná.

6/
Ó tẹ èsì ẹ̀ jáde ní 1885. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ohun tó kù tó dín iṣẹ́ àtúnkọ́ kù fún un tó 58 nínú 100. Lẹ́yìn wákàtí kan, 44. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, 34. Lẹ́yìn oṣù kan, 21. Ẹ wò ó dáadáa: ọjọ́ kìíní gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń sá lọ. Èyí tó bá ti wá kọjá ọjọ́ kìíní, jẹ́jẹ́ ló ń lọ.

7/
Ó tún rí nǹkan míì, èyí sì kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kó gbogbo ìwé jọ sí òru ọjọ́ kan ṣoṣo. Tó bá ka nǹkan lẹ́ẹ̀mejìdínlógójì, àmọ́ tó pín in sí ọjọ́ mẹ́ta, iṣẹ́ tó ṣe fún un dọ́gba pẹ̀lú kó kà á lẹ́ẹ̀mejìdínláàádọ́rin lọ́jọ́ kan. 38 tí wọ́n pín, 68 tí wọ́n kó jọ, ọgbọọgba. Ẹ̀rí ti wà nílẹ̀ láti 1885 o, àwa la ò gbọ́.

8/
Ẹ fi ti Roediger àti Karpicke kún un, Amẹ́ríkà, 2006. Wọ́n ní káwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ka ọ̀rọ̀ kan ní àkàtúnkà. Àwọn míì kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wá ń dán ara wọn wò láìwo ìwé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn alákàtúnkà ló ṣe dáadáa jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ńkọ́? Àwọn tó dán ara wọn wò rántí 61 nínú 100, àwọn alákàtúnkà rántí 40.

9/
Torí náà, kí ìwé mọ́ ojú èèyàn ò túmọ̀ sí pé ó ti mọ̀ ọ́n. Ẹ pa ìwé dé, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rántí síbi kan, ẹ wá ṣí i wo ibi tó kù sí. Ó máa ń dunni, mo mọ̀. Ibi tó ti ń dunni yẹn náà ló ti ń wọlé.

10/
Àmọ́ iṣẹ́ Ebbinghaus ní ibi tó kù sí. Ẹnì kan ṣoṣo ló dán wò, òun fúnra ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ ló sì lò. Ta ló ń há ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ sórí nílé ayé? Ìbéèrè yìí ni Frederic Bartlett gbé dìde ní Cambridge. Ìwé ẹ̀ jáde ní 1932.

11/
Bartlett fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ìtàn àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà kan, ó ní kí wọ́n tún un sọ. Nígbà tí wọ́n máa sọ ọ́, ó ti yí padà. Ọkọ̀ àjẹ̀ ibẹ̀ ti di ọkọ̀ ojú omi tiwọn, ibi tí kò yé wọn ti dàwátì. Wọn ò purọ́ o. Ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ọpọlọ wọn fi tún ìtàn náà kọ́. Òun ni wọ́n ń pè ní schema.

12/
Apá kan tún wà nínú ìwé yẹn tí wọn kì í sọ ní kíláàsì. Bartlett lọ sí Swaziland, èyí tó ń jẹ́ Eswatini báyìí. Wọ́n mú darandaran kan wá tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ra àwọn màlúù kan ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n: màlúù yìí, àwọ̀ ẹ̀ rèé, iye tí wọ́n rà á rèé, ọwọ́ lágbájá ni wọ́n ti rà á. Nígbà tí wọ́n fi wé ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí, àṣìṣe ẹ̀ ò tó nǹkan.

13/
Ṣé idán ni? Rárá. Bartlett ní kò sí àrà ọ̀tọ̀ kankan lọ́pọlọ àwọn Swazi. Màlúù ló jẹ wọ́n lógún, ìyẹn ló fi dúró lórí wọn. Ẹ mú ẹ̀kọ́ yẹn dání: nǹkan tó bá jẹ èèyàn lógún kì í tètè sọnù. Ẹ jẹ́ ká wá wá ibi tí Psychology ti kàn wá, kó lè jẹ wá lógún.

14/
Ẹ ká lọ sí Uganda, 1954. Mary Ainsworth dé Kampala torí pé ọkọ ẹ̀ ríṣẹ́ síbẹ̀. Ó wá owó ìwádìí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé àwọn ará Ganda ní abúlé ìtòsí. Ìdílé 26, ọmọ 28. Ọ̀sẹ̀ méjìméjì ló ń lọ, fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, obìnrin ará ibẹ̀ kan sì ń ṣe ògbufọ̀ fún un.

15/
Kí ló rí? Nǹkan tí gbogbo yín ti rí nílé. Ọmọ á rákòrò kúrò lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀, á lọ wo nǹkan tuntun, á bojú wẹ̀yìn bóyá ìyá ṣì wà níbẹ̀, á padà wá dì mọ́ ọn díẹ̀, á tún lọ. Ìyá di ibi ìgbẹ́kẹ̀lé tó ti ń jáde lọ wo ayé. Òun ni "secure base" tó wà nínú ìwé yín. Uganda ni Ainsworth ti rí i kó tó rí i ní Amẹ́ríkà.

16/
Nígbà tó dé Baltimore, ó tún lọ sílé àwọn ìdílé 26 míì. Àmọ́ ó ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ó ti mọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ lára kí ìyá máa wọlé kó máa jáde, kò jẹ́ kí nǹkan tó rí ní Uganda hàn kedere nínú ilé. Ó wá ṣètò yàrá àjèjì kan: ìyá, ọmọ, àti ẹnì kan tí ọmọ ò mọ̀ rí, wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde, fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Strange Situation nìyẹn. Ilé àwọn Ganda ni gbòǹgbò ẹ̀ wà.

17/
Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní 1988, Van IJzendoorn àti Kroonenberg kó ìwádìí 32 jọ láti orílẹ̀-èdè mẹ́jọ, ọmọ tó lé díẹ̀ ní 1,900. Ẹ ká wọn: Amẹ́ríkà, Britain, Ìwọ̀ Oòrùn Jámánì, Netherlands, Sweden, Israel, Japan, China. Nǹkan bí ìdajì ìwádìí náà, Amẹ́ríkà nìkan ló ni ín. China, ẹyọ kan.

18/
Áfíríkà ńkọ́? Òdo. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni kò sí nínú ìwé àkópọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ gbogbo ayé nípa àṣà oríṣiríṣi. Èmi ò sọ pé iṣẹ́ wọn ò dáa o. Nǹkan pàtàkì kan ni wọ́n rí: ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà ju ti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè lọ, ní nǹkan bí ìlọ́po kan àtààbọ̀. Àmọ́ "gbogbo àgbáyé" tí ò ní Áfíríkà nínú, ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

19/
Lọ́dọ̀ tiwa, a máa ń sọ pé ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Màmá àgbà pọ̀n ọ́n láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n gbé e lọ́sàn-án, àǹtí tó wà nílé kejì fún un lóúnjẹ. Bowlby ní tiẹ̀ sọ pé ẹnì kan wà tí ọmọ máa ń fà mọ́ ju gbogbo èèyàn lọ. Ìwé yín ń pè é ní monotropy. Ta ló jàre?

20/
Ẹ má kàn kọ "àṣà yàtọ̀" kẹ́ ẹ sì sá lọ. Ẹ mú ẹ̀rí wá. Tronick àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ (1992) wo àwọn Efe tó ń gbé inú igbó Congo. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń gbé ọmọ kan náà, àní wọ́n máa ń fún un lọ́mú. Síbẹ̀, tó bá dalẹ́, ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀ lọmọ ń sùn sí, òun ló sì fà mọ́ jù. Ẹ rí i? Ẹ̀rí kan náà gbe Bowlby níbì kan, ó tún da ọ̀rọ̀ rú fún un níbòmíì. Irú àríyànjiyàn yìí gan-an ni wọ́n fẹ́.

21/
Ilé wa gan-an náà wà nínú ìtàn yìí. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Thomas Adéoyè Lambo. Ó kọ́ṣẹ́ dókítà ní Birmingham, ó padà wálé, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro ní 1954, ọdún kan náà tí Ainsworth dé Kampala. Kàkà kó ti àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́lé, ó ní kí wọ́n máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí Aro ká, kí mọ̀lẹ́bí kan wà pẹ̀lú wọn, kí wọ́n sì máa wá gbàtọ́jú.

22/
Ní 1963, òun àti Alexander Leighton àtàwọn míì láti Cornell tẹ ìwé kan jáde nípa àìsàn ọpọlọ láàárín àwa Yorùbá. Wọ́n rí i pé àwọn àmì tí òyìnbó kó jọ tí wọ́n pè ní depression, àwọn èèyàn wa mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò kàn kó wọn sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Tí wọ́n bá bi yín nípa definitions of abnormality, tẹ́ ẹ fẹ́ kọ cultural relativism, àpẹẹrẹ gidi nìyẹn.

23/
Kí ló kan máàkì nínú gbogbo eléyìí? Nínú àròkọ oní-máàkì 16 ti AQA tí kò ní ìtàn ẹnikẹ́ni nínú ìbéèrè, 6 ni fún ohun tẹ́ ẹ mọ̀ (AO1), 10 ni fún ohun tẹ́ ẹ rí sọ sí i (AO3). Ẹni tó kàn há orúkọ àti ọdún sórí, inú 6 ló ń jà. Inú 10 yẹn ni Uganda, Efe àti Aro ti máa ṣiṣẹ́ fún yín.

24/
Torí náà, tẹ́ ẹ bá ń ṣe káàdì, ẹ kọ orúkọ sí iwájú. Ẹ kọ ìdáhùn ìbéèrè mẹ́rin sẹ́yìn: Ibo ló ti ṣẹlẹ̀? Àwọn wo ni wọ́n dán wò? Ta ni kò sí níbẹ̀? Kí ni ìyẹn yí padà nínú ohun tí wọ́n sọ? Ìdáhùn ìbéèrè kẹta àti ìkẹrin, AO3 ti wà níbẹ̀ tán. Ẹ fi káàdì mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀. Ẹ dán ara yín wò lónìí, lọ́la, lọ́tùn-únla, lẹ́yìn náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

25/
Ẹ tún fi àpẹẹrẹ kan dánra wò kẹ́ ẹ tó sùn: "Strange Situation wá láti inú ohun tí Ainsworth rí ní Uganda, àmọ́ yàrá Baltimore ni wọ́n fi ń díwọ̀n ọmọ gbogbo ayé. Torí náà..." Ẹ parí ẹ̀ fúnra yín, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn, imposed etic, nínú ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ká jọ máàkì ẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ ká ṣe é láṣeyege.