Ohun tí Igbó Ìjẹ̀bú Fi Pamọ́ fún Google Earth

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ṣé ẹ ti fi Google Earth wá ìlú àwọn òbí yín rí? Google ra Keyhole, ilé-iṣẹ́ tó pilẹ̀ rẹ̀, ní 2004, wọ́n sì gbé e jáde ní 2005.

Ẹ fi wo Ìjẹ̀bú-Òde: òrùlé páànù, títì, igbó. Inú igbó agbègbè yẹn ni Erédò Súngbọ́ wà, yàrà tó gùn tó kìlómítà 160, tí wọ́n ti gbẹ́ láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ewé bò ó. Ẹ ò lè fi bẹ́ẹ̀ rí i látòkè. Ẹsẹ̀ làwọn awalẹ̀pìtàn fi tọ̀ ọ́. Àwọn ará ibẹ̀ ló sì mọ orúkọ Bílíkísù Súngbọ́, obìnrin tí wọ́n ní ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ.

Torí náà, ẹ wo àwòrán, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn àgbà yín léèrè.