Yíyan Ètò Ìbánisọ̀rọ̀ fún Commodore 64: Ọ̀rọ̀ Lẹ́tà àti Wáyà Tẹlifóònù

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè jọ ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lásán, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èdè ni ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó dá lórí ìbéèrè kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà àti Kánádà tó ra kọ̀ǹpútà sílé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ń bi ara wọn: ètò wo ni kí n fi bá kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù?

Ọdún 1982 ni Commodore 64 jáde, ní 595 dọ́là. Amóhùnmáwòrán ilé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń so ó mọ́. Ní ọdún yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ Commodore gbé VICMODEM jáde, módẹ́ẹ̀mù kékeré kan tí owó rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 100 dọ́là. Iṣẹ́ módẹ́ẹ̀mù ni láti sọ lẹ́tà di ohùn kí ó lè gba inú wáyà tẹlifóònù kọjá. VICMODEM kò lè pe nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Ẹni tó ni ín ni yóò tẹ nọ́ńbà, yóò dúró títí ẹ̀rọ òdì kejì yóò fi han gooro, yóò wá yára yọ okùn kúrò lára ohun tí à ń gbé sétí, yóò sì kì í bọ ara módẹ́ẹ̀mù. Bíìtì 300 ló ń ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn nǹkan bí lẹ́tà 30. Ìlà 25 ló wà lójú Commodore 64, lẹ́tà 40 ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Kí ojú ẹ̀rọ tó kún, ó ti ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú lọ.

Módẹ́ẹ̀mù nìkan kò tó. Ètò tẹ́mínà ló ń túmọ̀ ohun tó bá wọlé, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Inú wáyà kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ló mọ̀. Nínú ASCII, ìlànà tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ ní ọdún 1963, nọ́ńbà 65 ni A ńlá. Commodore ní tirẹ̀, tí a ń pè ní PETSCII. Bí ẹ̀rọ Commodore bá wà ní ipò tó ń fi lẹ́tà kékeré hàn, a kékeré ni nọ́ńbà 65 kan náà. Ẹni tó bá fi ètò tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí pe kọ̀ǹpútà onílànà ASCII, bí wọ́n bá kọ Bola sí i, bOLA ni yóò rí.

Àwọn baba wa mọ irú ọ̀rọ̀ yìí nínú àrokò. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a bá fi ránṣẹ́ sí ènìyàn, ẹ̀fà ni, ó sì túmọ̀ sí pé ọkàn mi fà sí ọ. Bí ẹni tó gbà á kò bá gbọ́ Yorùbá, owó ẹyọ mẹ́fà lásán ló gbà.

Ètò tó dára gbọ́dọ̀ mọ ìlànà méjèèjì. ASCII nìkan kò lè fi àwọn àwòrán aláwọ̀ mèremère tí àwọn oní-Commodore ń fi PETSCII yà fún ara wọn hàn. PETSCII nìkan kò lè bá ará ìta sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ fífẹ̀ ojú ẹ̀rọ tún wà níbẹ̀. Lẹ́tà 80 ní ìlà kan ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ńlá ń lò. Àwọn ètò kan fi ọgbọ́n fún 80 náà pọ̀ mọ́ ojú Commodore, ṣùgbọ́n tóótóó 320 ni gbogbo fífẹ̀ rẹ̀, nítorí náà tóótóó mẹ́rin péré ló kan lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Kíkà rẹ̀ lórí amóhùnmáwòrán, ojú a máa ro ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni fífi fáìlì ránṣẹ́. Ariwo inú wáyà lè ba lẹ́tà kan jẹ́, lẹ́tà kan ṣoṣo sì tó láti sọ ètò kan di aláìwúlò. Ward Christensen, ará Chicago, wá ọ̀nà sí i ní ọdún 1977. Ó pín fáìlì sí ìdì-ìdì, báìtì 128 nínú ìdì kan, ó sì fi àròpọ̀ wọn tì í lẹ́yìn. Bí àròpọ̀ kò bá dọ́gba lọ́dọ̀ ẹni tó gbà á, a ó tún ìdì náà rán. Èyí ló di XMODEM. Òun náà, pẹ̀lú Randy Suess, ló ṣí CBBS ní ọjọ́ 16 oṣù kejì ọdún 1978, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń pe kọ̀ǹpútà kan láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ara wọn. Àwọn oní-Commodore tún ní ìlànà tiwọn láti ọwọ́ Steve Punter, ará Kánádà. CompuServe náà ní èyí tó ń jẹ́ B. Bí ètò rẹ kò bá ní ìlànà tí ẹni tí o pè ní, ẹ lè máa kí ara yín, ẹ kò lè gba ẹrù lọ́wọ́ ara yín. Ní ọdún 1985, Quantum Link yanjú rẹ̀ ní tirẹ̀: ètò rẹ̀ nìkan lo lè fi wọlé. Ilé iṣẹ́ tó dá a sílẹ̀ ló di America Online ní 1991.

Ká ní èmi ni mo fẹ́ yàn nígbà náà, Kermit ni ǹ bá mú. Frank da Cruz àti Bill Catchings ló ṣe é ní Yunifásítì Columbia ní New York, ní ọdún 1981, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè kó iṣẹ́ wọn láti inú kọ̀ǹpútà ńlá sínú díìsìkì. Nígbà tó yá, Commodore 64 ní ẹ̀dà tirẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ ẹ̀rọ àtijọ́ a máa fi Kermit ṣẹ̀sín pé ìgbín ni, nítorí àmì tí kọ̀ǹpútà mìíràn lè kọ̀, ńṣe ló ń fi lẹ́tà lásán méjì dípò rẹ̀ kó tó rán an. N kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ohun tó mú un lọ́ra yẹn gan-an ló jẹ́ kó lè wọlé síbi tí àwọn tó yára kò lè wọ̀.

Kò sí èyí tó lè gbé Yorùbá nínú gbogbo wọn. Àmì 128 ni ASCII ní. Ẹ, ọ, ṣ kò sí níbẹ̀, àmì ohùn kò sí lórí lẹ́tà kankan. ISO 8859-1 ti ọdún 1987 mú à àti é wá, kò mú ẹ wá. Unicode ló fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn ní ọdún 1993, bẹ́ẹ̀ ni títí di òní, ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. A gbọ́dọ̀ so méjì pọ̀. Frank da Cruz yẹn kan náà ló wá ṣa gbólóhùn kan jọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè ayé, pé mo lè jẹ dígí láìṣe mí níbi, kí àwọn ènìyàn lè fi dán Unicode wò lójú ẹ̀rọ wọn. Yorùbá wà níbẹ̀, tòun ti àmì ohùn.