Ẹsẹ̀ Mọ́tò ní Òkè-Ògùn: Láti Orí Bọ́lẹ̀kájà dé Jíìpù Tòkunbọ̀

Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá fẹ́ ra jíìpù tòkunbọ̀ tí yóò máa gbé e lọ sí Ṣakí, Ìsẹ́yìn tàbí Òkehò, ẹ́ńjìnnì ni gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ béèrè. Wọ́n á tún béèrè kìlómítà tó ti rìn àti bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mọ́tò ló máa ń gbẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹsẹ̀ yìí ni ojú ọ̀nà Òkè-Ògùn máa ń kọ́kọ́ bá jà. Ohun tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní ẹsẹ̀ mọ́tò ni sípíríǹgì tó gbé ọkọ̀ ró, ṣọ́kù tí kì í jẹ́ kó máa fò sókè sódò, àti àwọn apá irin pẹ̀lú rọ́bà bọ́ṣì tó so táyà mọ́ ṣáásì.

Irú ẹsẹ̀ tó yẹ kéèyàn yàn kì í ṣe ìbéèrè tuntun. Láti ìgbà tí mọ́tò ti dé agbègbè náà ni wọ́n ti ń dáhùn rẹ̀. Ohun mẹ́ta ló sì máa ń pinnu ìdáhùn: ẹrù tí ọkọ̀ máa gbé, ọ̀nà tó máa gbà, àti ẹni tó máa tún un ṣe bó bá kán lójú ọ̀nà. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn níbí ni pé ẹ̀kẹta yìí ló lágbára jù, òun náà sì ni a máa ń gbàgbé jù.

Ibi tí rélùwéè kò dé

Orúkọ Òkè-Ògùn wá láti ara odò Ògùn, kì í ṣe Ògún òrìṣà irin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irin pọ̀ nínú ìtàn yìí. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí àti Kìṣí. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni: koríko gíga, igi emi, àpáta ńláńlá, àti ilẹ̀ yangí tó máa ń le bí òkúta lẹ́ẹ̀rùn, tó sì máa ń yọ̀ bí ọṣẹ nígbà òjò. Iṣu, àgbàdo, pákí àti ẹ̀wà ló ń jáde níbẹ̀ lọ sí Ìbàdàn àti Èkó.

Nígbà tí àwọn Òyìnbó ń la rélùwéè, ọ̀nà ibòmíràn ló gbà. Ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba Ìlọrin kọjá ní 1908 lọ sí Jẹ́bà. Ìlà-oòrùn ló gbà, ó fi Ìsẹ́yìn àti Ṣakí sílẹ̀ lápá ìwọ̀-oòrùn. Ohun tí rélùwéè kò gbé, orí ni wọ́n fi rù ú tàbí ẹranko, títí mọ́tò fi dé. Ní 1906 ni ìjọba àmúnisìn la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi mọ́tò kó ẹrù lórí rẹ̀. Láti Ọ̀yọ́, ọ̀nà ń gùn díẹ̀díẹ̀ wọ inú Òkè-Ògùn. Nítorí náà, ìtàn ìrìn-àjò agbègbè yìí jẹ́ ìtàn mọ́tò pátápátá. Kò sí ojú irin tó máa gba ẹrù lọ́rùn rẹ̀.

Mọ́tò tó ṣe iṣẹ́ náà jù ni lọ́rì. Ṣáásì àti ẹ́ńjìnnì ló ń ti òkè òkun wá, Bedford sì wà lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù. Àwọn káfíńtà wa ló ń fi pákó kan ara sí i lẹ́yìn. Èyí ni bọ́lẹ̀kájà tí àwọn òbí wa àgbà mọ̀ dáadáa: èrò níwájú, èrò àti iṣu lẹ́yìn. Lábẹ́ gbogbo pákó yẹn, sípíríǹgì pẹlẹbẹ ló wà níwájú àti lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká wo bí sípíríǹgì yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí gbogbo ìyókù ìtàn dúró lé e. Irin pẹlẹbẹ gígùn mélòó kan ni wọ́n tò léra wọn, èyí tó gùn jù lókè, èyí tó kúrú jù nísàlẹ̀, tí wọ́n sì tẹ̀ díẹ̀ bí ọrún. Bí ẹrù bá wọ̀ ọ́, ó máa nà. Bí ẹrù bá kúrò, ó máa padà. Iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ síbẹ̀: òun kan náà ló di áàsù mú kó má yẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn. Bí irin náà ṣe ń ra ara wọn tún máa ń dín fífò ọkọ̀ kù. Èyí ni pé irin kan ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta. Àléébù rẹ̀ ni pé ó le. Ọkọ̀ tí kò bá gbé nǹkan kan máa ń gbọn èèyàn bí ajere.

Àgbẹ̀dẹ lábẹ́ mọ́tò

Ìdí tí sípíríǹgì pẹlẹbẹ fi jọba pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe agbára rẹ̀ nìkan. Ṣakí jẹ́ ìlú alágbẹ̀dẹ láti ìgbà pípẹ́, kò sì sí ìlú kan ní Òkè-Ògùn tí kò ní ilé arọ tirẹ̀, nítorí pé àgbẹ̀ kò lè ṣe kó má lo ọkọ́ àti àdá. Nígbà tí irin òkè òkun gba ipò irin tí àwọn baba wa ń yọ́ fúnra wọn, irin sípíríǹgì mọ́tò di ohun iyebíye lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ. Kábọ̀ọ̀nù inú rẹ̀ pọ̀ ju ti irin lásán lọ. Bí wọ́n bá mú un gbóná tí wọ́n sì rì í bọ omi tàbí epo, ó máa ń le, ẹnu rẹ̀ sì máa ń mú pẹ́. Ìdí nìyí tí àdá tí wọ́n fi sípíríǹgì mọ́tò rọ fi níyì lọ́jà títí di òní.

Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ sípíríǹgì di àdá mọ bí wọ́n ṣe ń tún sípíríǹgì fúnra rẹ̀ ṣe. Bí èyí tó wà lábẹ́ lọ́rì bá ti nà jù, wọ́n á tú u, wọ́n á mú un gbóná, wọ́n á sì fi ọmọ owú tẹ̀ ẹ́ padà. Bí ẹyọ kan bá kán, wọ́n á fi òmíràn tí wọ́n yọ lára mọ́tò tó ti kú rọ́pò rẹ̀. Bí ẹrù bá pọ̀ jù, wọ́n á fi ẹyọ kan kún un. Kò sí èyí tó nílò kí wọ́n ránṣẹ́ sí Èkó. Lóòótọ́, iṣẹ́ iná tí kò péye máa ń mú kí irin náà tètè rọ̀ tàbí kó kán, ṣùgbọ́n lọ́rì náà kì í sùn sínú igbó di ọ̀sẹ̀ kejì.

Land Rover àti Peugeot

Ọdún 1948 ni Land Rover jáde ní Ìlú Ọba. Sípíríǹgì pẹlẹbẹ ló wà lábẹ́ rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bíi ti lọ́rì, ìyàtọ̀ sì ni pé ẹ́ńjìnnì lè yí gbogbo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó di mọ́tò ìjọba, ti òṣìṣẹ́ àgbẹ̀, ti dókítà àti ti ìjọ míṣọ́nnárì. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ Leyland bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Ìbàdàn gan-an, èyí tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn.

Peugeot ló mú àyípadà dé. Wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ tó ń tò ó pọ̀ ní Kàdúná ní 1975, 504 sì kún gbogbo ojú ọ̀nà wa. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí ni pé 504 kì í ṣe ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Èyí tí ọ̀gá ìjọba ń wọ̀ ní sípíríǹgì kíká lábẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, táyà ẹ̀yìn kan sì lè wọ kòtò láìfa èkejì. Wágọ́ọ̀nù tó ń kó èrò ní áàsù gbọọrọ lẹ́yìn, tí sípíríǹgì kíká mẹ́rin gbé e ró. Pikọ́ọ̀pù tó ń kó iṣu ní sípíríǹgì pẹlẹbẹ. Àwọn tó ṣe mọ́tò náà ti yàn fún oníkálukú gẹ́gẹ́ bí ẹrù rẹ̀ ṣe rí. Awakọ̀ tó fi èyí tí ọ̀gá ń wọ̀ kó àpò àgbàdo rí àbájáde rẹ̀ láìpẹ́.

Sípíríǹgì kíká, ìyẹn irin tí wọ́n ká bí ejò, máa ń rọ ara lọ́rùn gan-an. Ṣùgbọ́n ìwúwo nìkan ló lè gbé. Kò lè di áàsù mú, nítorí náà wọ́n ní láti fi apá irin kún un, apá irin sì ní láti ní bọ́ṣì. Bọ́ṣì sì jẹ́ rọ́bà. Alágbẹ̀dẹ kò lè rọ rọ́bà. Láti ìgbà náà ni àtúnṣe ẹsẹ̀ mọ́tò ti ń kúrò lọ́wọ́ ilé arọ, tó ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń ta páàtì.

Ìgbà Tòkunbọ̀

Ní 1986, ìjọba Babangida bẹ̀rẹ̀ ètò tó sọ náírà di yẹpẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó òkè òkun. Mọ́tò tuntun di ohun àlá fún olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba. Tòkunbọ̀ ló gba ipò rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ń gba Kùtọnu wọlé, nítorí pé orílẹ̀-èdè Benin ló pààlà pẹ̀lú Òkè-Ògùn lápá ìwọ̀-oòrùn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí mọ́tò má gba ààlà ilẹ̀ wọlé mọ́, tó jẹ́ pé ebute ọkọ̀ ojú omi nìkan ló kù.

Jíìpù tó ń wọlé yìí ní ẹsẹ̀ oríṣiríṣi, ọdún tí wọ́n ṣe é ló sì máa ń sọ èyí tó ní. Land Cruiser 70 tó jáde ní 1984 wá pẹ̀lú sípíríǹgì pẹlẹbẹ. Ní 1999 ni wọ́n fi kíká sí iwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi pẹlẹbẹ sílẹ̀ lẹ́yìn. Land Cruiser 80, ní 1990, ti lo kíká níbi gbogbo. 4Runner ti 1990 sí 1995 ní torsion bar níwájú, ìyẹn ọ̀pá irin gbọọrọ tó ń lọ́ bí ẹrù bá wọ̀ ọ́, àti kíká lẹ́yìn. Láti 1996 ló ti di kíká yíká. Hilux kò tíì fi pẹlẹbẹ sílẹ̀ lẹ́yìn títí di òní. Lexus GX 470, tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá fẹ́ràn, ní àpò afẹ́fẹ́ dípò sípíríǹgì lẹ́yìn.

Ẹ wo bí àtúnṣe ṣe ń jìnnà sí ilé bí ọdún ṣe ń gorí ọdún: láti ilé arọ sí ọ̀dọ̀ oní-páàtì, láti ọ̀dọ̀ oní-páàtì sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ mọ́tò wò. Àpò afẹ́fẹ́ tó bá lu ní ojú ọ̀nà Ògbòórò sí Ìgbòho máa ń mú kí ìdí mọ́tò wọlẹ̀, kò sì sí ohun tí ọmọ owú lè ṣe sí i.

Ohun tí ìtàn náà ń sọ fún ẹni tó fẹ́ rà

Lóòótọ́, ọ̀nà ti ń dára sí i níbòmíràn. Wọ́n ti tún ọ̀nà Moníyà sí Ìsẹ́yìn ṣe, wọ́n sì ti la ti Ìsẹ́yìn sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn tó ń lọ sí ọgbà LAUTECH ní Ìsẹ́yìn lè má nílò jíìpù rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀dà kò dé oko. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò lójú títì ńlá wọ abúlé yóò bá yangí tó ti di wẹẹrẹwẹ bí pátákó ìfọṣọ. Irú ilẹ̀ yìí ló ń pa ṣọ́kù jù. Iṣẹ́ ṣọ́kù ni láti sọ fífò ọkọ̀ di ooru. Bí kò bá sinmi, epo inú rẹ̀ máa gbóná, ó máa hó, mọ́tò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò kiri ojú ọ̀nà.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbé mọ́tò kankan ga, ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ná. Ṣọ́kù tó ń jo epo, bọ́ṣì tó ti ya, àti sípíríǹgì pẹlẹbẹ tó ti nà ju ìkejì rẹ̀ lọ, àwọn wọ̀nyí ló yẹ kí owó kọ́kọ́ lọ sí. Ọ̀pọ̀ jíìpù tí wọ́n ní kò dára mọ́, ṣọ́kù mẹ́rin àti bọ́ṣì ni wàhálà rẹ̀.

Bó bá jẹ́ èèyàn ni ẹ fẹ́ máa fi gbé, bíi bàbá àti ìyá tó ń lọ sílé ìwòsàn, sípíríǹgì kíká ló dára jù, pàápàá nínú èyí tó wọ́pọ̀ tí páàtì rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Bó bá jẹ́ iṣu àti àgbàdo, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ pẹlẹbẹ. Ẹ má fi ẹyọ kún un bó bá jẹ́ pé òfìfo ló sábà máa ń rìn, torí yóò kàn máa fò ni. Bó bá jẹ́ torsion bar, bọ́ọ̀tì kan wà tí mẹkáníìkì lè yí kí iwájú ga. Ó rọrùn, kò sì náni lówó, ṣùgbọ́n kò fi nǹkan kan kún agbára rẹ̀. Ńṣe ló ń yí igun tí áàsù iwájú fi ń ṣiṣẹ́ padà, tí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì fi ń tètè jẹ. Gbígbé mọ́tò ga jù tún máa ń mú kó rọrùn láti dojú dé ní kọ́nà. Bó bá sì jẹ́ àpò afẹ́fẹ́, ẹ ṣírò owó sípíríǹgì kíká tí ẹ máa fi rọ́pò rẹ̀ mọ́ owó mọ́tò, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kankan.

Mo ń sọ èyí pàápàá fún àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, tí wọ́n ń dáwó jọ ra mọ́tò ránṣẹ́ sí àwọn òbí nílé. Ẹni tó rà á ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù kọ́ ni mọ́tò máa bà jẹ́ lé lórí. Bàbá tó jókòó sínú rẹ̀ lóṣù keje, láàrin Ṣakí àti oko, ni. Kí ẹ tó rà á, ẹ pe mẹkáníìkì tó wà ní ìlú yẹn gan-an, kí ẹ sì bi í pé irú ẹsẹ̀ wo ló mọ̀ ọ́n tún ṣe, páàtì èwo ló lè rí láàrin ọjọ́ kan. Ìdáhùn rẹ̀ ni kó darí owó yín.